Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Kọ̀ǹpútà

Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, a máa ń ka àròkọ lórí ìgbéyàwó, lórí ìsọmọlórúkọ, lórí ọdún ìbílẹ̀ àti oyè jíjẹ. Inú mi a sì máa dùn láti kà wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ààyè gbà mí kí n sọ ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi nídìí kọ̀ǹpútà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò ó pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá nídìí ẹ̀rọ ayárabíàṣá, kí ó fara balẹ̀ díẹ̀. Oríkì wà nínú ìtàn náà, àmì ohùn wà níbẹ̀. Àṣìṣe náà sì wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo sì ṣe é.

Ní ìsinmi gígùn ọdún 2025, mo lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ṣómólú, ní Èkó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Bùọ̀dá ni mo ń pè é. Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni ó gba àdúgbò náà kan. Bí o bá yà sí ọ̀tún, wọ́n ń gé pépà. Bí o bá yà sí òsì, wọ́n ń di ìwé pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wọ̀nyí ni ó ké sí Bùọ̀dá pé kí ó wá gbé gbogbo kọ̀ǹpútà àwọn kúrò lórí Windows 10 bọ́ sórí Windows 11. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá ni wọ́n ní. Bùọ̀dá ní kí n tẹ̀ lé òun kí n lè rí owó ìwé, èmi náà kò sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà kò ṣòro láti yé ni. Ní oṣù keje ọdún 2015 ni Windows 10 jáde. Microsoft, tí ó ṣe é, sì ti kéde pé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àwọn yóò dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró. Èyí kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà yóò kú lọ́jọ́ náà. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé bí olè bá rí ihò kan lára ògiri lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹni tí ó mọ ilé náà kò ní wá dí i mọ́. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ta kú pé Windows 10 ni òun fẹ́ lè san owó kí wọ́n máa bá a dí ihò náà, ṣùgbọ́n dọ́là 61 ni lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ọdún kìíní, owó náà yóò sì máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún, kò sì lè ju ọdún mẹ́ta lọ. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ṣírò èyí lórí kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá, ó rí i pé dọ́là 854 ni fún ọdún kìíní nìkan, ó mi orí. Lójoojúmọ́ ni àwọn oníbàárà ń kó iṣẹ́ wá sínú fláàṣì àti sínú ímeèlì. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Nígbà tí a yẹ àwọn ẹ̀rọ náà wò, mẹ́ta kò lè gba Windows 11. Windows yìí ń béèrè fún ohun èlò ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 nínú ẹ̀rọ, ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà sì gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí. Ọpọlọ àwọn mẹ́ta yìí ti dàgbà jù. Bùọ̀dá yọ wọ́n kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí wọ́n máa fi ṣí iṣẹ́ àtijọ́ nìkan títí tí a óò fi rí òmíràn rà. Ó ku mọ́kànlá. Mẹ́fà nínú wọn, dísìkì wọn ti ń ṣàárẹ̀, nítorí náà a ra dísìkì SSD tuntun sí wọn, a sì gbé Windows 11 sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Márùn-ún tí ó kù ti ní SSD tẹ́lẹ̀. A kàn gbé Windows 11 gun orí Windows 10 tí ó wà níbẹ̀ ni, láì tú ẹrù kankan.

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan tí Bùọ̀dá fi yé mi ní ọjọ́ kìíní, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo ń wá Yorùbá rẹ̀ nínú ọkàn mi bí ó ti ń sọ ọ́.

Kọ̀ǹpútà kan dà bí agbo ilé. Ògiri, òrùlé àti kànga àárín agbo ilé, ti gbogbo ènìyàn ni. Windows fúnra rẹ̀ ni ìwọ̀nyí, àti àwọn irinṣẹ́ bí Word. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé, olúkúlùkù ni ó ní ojúlé tirẹ̀. Bí ẹ bá wọ inú dísìkì C, ẹ óò rí fódà kan tí wọ́n kọ Users sí lára. Inú ibẹ̀ ni ojúlé olúkúlùkù wà. Àwọn ohun tí ojú ń rí nínú ojúlé kan ni àwọn ìwé rẹ, àwòrán rẹ, àti gbogbo ohun tí o tò sórí Desktop. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀wù kan wà níbẹ̀ tí Windows fi pamọ́, AppData ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí o ti fi kọ́ Word wà, tí kò fi ní máa fa ìlà pupa sábẹ́ wọn mọ́. Níbẹ̀ ni páásíwọọ̀dù tí o fi sí ìkáwọ́ ẹ̀rọ wà. Fáìlì kan sì tún wà tí ó ń jẹ́ NTUSER.DAT. Òun ni ó mọ ìwà ẹni: irú pátákó ìtẹ̀wé tí o ń lò, pírińtà tí o yàn láàyò, àwòrán tí o fi ṣe ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ rẹ. Fáìlì yìí ni Windows gbọ́dọ̀ kà kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Ohun kejì ni ti orúkọ. Orúkọ tí ènìyàn ń fi wọlé sínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe orúkọ tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n sí. Nọ́ńbà gígùn kan wà tí Windows fi fún olúkúlùkù ní ọjọ́ tí a dá àkáǹtì rẹ̀ sílẹ̀; S-1-5 ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní orúkọ àmútọ̀runwá ni, ẹ kò jayò pa. Ẹ lè yí orúkọ ojú padà ní ìgbà mẹ́wàá, nọ́ńbà náà kò ní yí padà, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí ó wà lára fódà ojúlé náà kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa àkáǹtì kan rẹ́, tí ẹ sì dá òmíràn tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà sílẹ̀, ẹlòmíràn ni ẹ dá sílẹ̀ yẹn. Àìná méjì lè wà ní ìlú kan. Kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ni ó bí wọn. Windows ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan tí ó kọ nọ́ńbà olúkúlùkù sí, ó sì kọ ojúlé tí ó jẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà.

Nísinsìnyí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí Windows kò bá lè ka NTUSER.DAT ẹnì kan, bóyá nítorí pé fáìlì náà bàjẹ́ tàbí pé nǹkan mìíràn dì í mú lákòókò náà? Kò ní lé onítọ̀hún padà. Yàrá àlejò ni yóò fi í sí. Yàrá náà mọ́, ó tò dáadáa, ó sì ṣófo. Ènìyàn lè jókòó níbẹ̀ kí ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jáde báyìí, Windows yóò gbá yàrá náà mọ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó bá fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Bùọ̀dá sọ èyí fún mi. Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà nínú ìwé kò tí ì dé ọwọ́.

Obìnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ náà tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá. Wọ́n ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún. Láti ayé táípúráítà ni wọ́n ti ń tẹ Yorùbá, nígbà tí ó jẹ́ pé bírò ni wọ́n fi ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Gbogbo ìwé ètò ìsìnkú, ìwé orin àti ìwé ìkíni tí ó bá jẹ́ Yorùbá, ọwọ́ wọn ni ó ń gbà kọjá. Bí oníbàárà bá ní òun kò nílò àmì ohùn, Màmá a ní kí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ kejì, nítorí pé àwọn kò ní í fi ọwọ́ àwọn sọ ọkọ́ di ọkọ. Ọdún méje ni wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà kan náà. Láàárín ọdún méje yìí, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n ti fi kọ́ Word pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ojú ewé wọn kì í ní ìlà pupa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní, “Màmá, ẹ ti kọ ìwé atúmọ̀ èdè sínú ẹ̀rọ yìí láì mọ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Akẹ́kọ̀ọ́, ẹnu rẹ dùn.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Akẹ́kọ̀ọ́.

Kọ̀ǹpútà Màmá wà lára àwọn márùn-ún tí a kàn gbé Windows 11 gùn lórí. Ní alẹ́ ọjọ́rú kan ni a ṣe é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀, Bùọ̀dá lọ sí Ìkẹjà láti lọ ra dísìkì, ó ní kí n dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ wọn. Àwọn mẹ́rin ṣí tiwọn, kò sí wàhálà. Màmá ṣí tiwọn. Ojú ẹ̀rọ náà mọ́ fónífóní. Kò sí àwòrán ọmọọmọ wọn tí ó máa ń wà níbẹ̀. Kò sí fáìlì kankan. Ọ̀rọ̀ kan fò jáde ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gùn. Mo na ọwọ́, mo pa á dé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí mo ń jókòó ní kíláàsì tí a ń tú gbólóhùn palẹ̀, tí a ń wá ìtumọ̀ nínú ìtumọ̀, gbólóhùn tí kò pé ìlà mẹ́ta ni mo pa dé láì kà. Bí mo bá kà á ni, ǹ bá rí i pé ohun tí ó ń sọ ni pé yàrá àlejò ni Màmá wà, àti pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ yóò parẹ́ bí wọ́n bá jáde.

Màmá wo ojú mi. Wọ́n ní, “Akẹ́kọ̀ọ́, ẹrù mi dà?”

Mo ní, “Màmá, ẹ má mikàn. Ẹrù yín wà níbẹ̀, kò tí ì dé iwájú ni. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ. Bí Bùọ̀dá bá dé, a óò kó o wá fún yín.”

Pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá wọn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wá a jáde, mo fi í sí i fún wọn. Wọ́n tẹ ẹ, wọ́n tẹ ọ, wọ́n tẹ ṣ, gbogbo rẹ̀ jáde. Inú wọn dùn. Inú tèmi náà dùn, mo ń rò pé mo ti di ọ̀gá. N kò mọ̀ pé yàrá àlejò ni mò ń bá wọn ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, bàbá kan wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá yìí ni ó kú, wọ́n sì fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Ọmọ orílẹ̀ Ìkòyí ni wọ́n. Bàbá ní àwọn kò fẹ́ kí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé nìkan, àwọn fẹ́ kí oríkì wà níbẹ̀. Màmá béèrè bóyá wọ́n ti kọ ọ́ wá. Bàbá ní, “Ta ni yóò kọ ọ́? Ẹnu mi ni ó wà.” Wọ́n fà sórí àga, wọ́n gbé fìlà sórí eékún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Màmá ń tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá yára jù, Màmá a ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un sọ.” Wọ́n a tún un sọ. Ojú ewé mẹ́rin ni ó kún, pẹ̀lú àmì lórí ọ̀rọ̀ gbogbo. Èmi dúró lẹ́yìn wọn, mò ń gbádùn ara mi, mò ń rántí ohun tí olùkọ́ wa kọ́ wa lórí oríkì orílẹ̀. Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi. N kò rántí láti gba ohùn Bàbá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, Màmá kà á fún wọn, Bàbá yọ omi lójú, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gba ibùdókọ̀ lọ, wọ́n ń padà sí abúlé wọn ní ẹ̀bá Ọ̀yọ́.

Màmá fi iṣẹ́ náà pamọ́ sórí Desktop. Ní agogo mẹ́fà, epo jẹnẹrétọ̀ ń tán lọ, wọ́n pa kọ̀ǹpútà, a sì lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹtì, Màmá ṣí ẹ̀rọ wọn. Ó tún mọ́ fónífóní. Ẹrù àtijọ́ kò sí. Iṣẹ́ àná náà kò sí. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn pè mí, wọ́n ní, “Akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ Bàbá dà?”

Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Mo sáré pe Bùọ̀dá. Ó wá, ó wo ẹ̀rọ náà, ó bi mí pé, “Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i lánàá, kí ni ó sọ?” Mo ní ó sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo pa á dé. Bùọ̀dá kò bú mi. Ìdákẹ́ rẹ̀ sì burú ju èébú lọ.

Ó fi àkáǹtì ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọlé, ó ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, níbi tí wọ́n ń pè ní ProfileList. Nọ́ńbà Màmá wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀kan ní ìrù, .bak, òun ni ó ń tọ́ka sí ojúlé wọn gan-an. Èkejì kò ní ìrù. Yàrá àlejò tí ó ń jẹ́ TEMP ni ó ń tọ́ka sí. Bùọ̀dá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà pamọ́, kí ó má bàa jẹ́ pé a ó tún fi àṣìṣe tún àṣìṣe ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó yí orúkọ àwọn méjèèjì padà, kí èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ lè padà sí ipò rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Màmá tẹ páásíwọọ̀dù wọn. Ọmọọmọ wọn yọ lójú ẹ̀rọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo fáìlì ọdún méje dé. Pátákó ìtẹ̀wé dé. Wọ́n ṣí Word, kò sí ìlà pupa kan.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́bọ̀ kò dé. Bùọ̀dá fi irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá fáìlì tí ó sọnù wá a títí di ọ̀sán. SSD kò dà bí dísìkì àtijọ́ tí ohun tí a pa rẹ́ máa ń pẹ́ nínú rẹ̀. Bí a bá ti pa nǹkan rẹ́, Windows a sọ fún un pé àyè ibẹ̀ ti ṣófo, òun náà a sì nù ún mọ́. A kò rí ìlà kan.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo ní kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lọ.”

Wọ́n ní, “Dìde. Títẹ̀ tí mo tẹ̀ ẹ́, mo lè tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ yìí ni n kò lè gbàgbé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́.

A pe Bàbá lórí fóònù. Èmi ni mo ṣàlàyé, mo sì tọrọ àforíjì. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyẹn kò le, àwọn yóò tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, a gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n kì í, ó dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n parí, Màmá ní, “Bàbá, lánàá, ẹ ki ìyá ìyá wọn pẹ̀lú, ẹ tún mẹ́nu ba ogun kan. Ẹ kò sọ ọ́ lónìí.” Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Bí ó bá ti wá sí mi lẹ́nu ni mò ń kì í. Lánàá, ojú yín ni mò ń wò. Lónìí, fóònù ni mo gbé sétí.”

Màmá sọ èyí tí wọ́n rántí nínú ti àná. Bàbá gba díẹ̀ wọlé. Àwọn ìlà kan wà tí Bàbá ní ó jọ tàwọn, ṣùgbọ́n àwọn kò lè sọ pé ẹnu àwọn ni ó ti jáde. Màmá yọ ìyẹn kúrò. Ìwé ètò ìsìnkú náà jáde lásìkò, ó sì dára, àwọn ẹbí sì dúpẹ́. Ojú ewé mẹ́ta ni oríkì náà gbà. Àwa mẹ́ta nìkan ni a mọ̀ pé mẹ́rin ni.

A ti kọ́ wa ní kíláàsì pé apohùn kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà kan náà, pé àwùjọ tí ó wà níwájú rẹ̀ wà lára ohun tí ń fún un ní ọ̀rọ̀ sọ. Mo ti kọ ọ́ rí nínú ìdánwò. Ọjọ́ náà ni ó tó yé mi ní ohun tí a ń sọ.

Bí a ti parí èyí, Bùọ̀dá fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó ní kí n fà á sí ìlà. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kí n má ka iye kọ̀ǹpútà, ènìyàn ni kí n máa kà. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo kọ orúkọ tí ó fi ń wọlé, orúkọ fódà ojúlé rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, pátákó ìtẹ̀wé tí ó ń lò, pírińtà rẹ̀, àti ibi tí ó ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí. Àǹfààní rẹ̀ hàn kíákíá. Nígbà tí a dé orí àwọn mẹ́fà tí ó gba dísìkì tuntun, Windows 11 ní kí a fi ímeèlì dá àkáǹtì olúkúlùkù sílẹ̀, lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ímeèlì náà ni ó sì fi sọ fódà ojúlé wọn. Ẹni tí fódà rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní kíkún tẹ́lẹ̀ wá ń jẹ́ ilàjì orúkọ. Bí kì í bá ṣe ti ìwé àkọsílẹ̀, a kò bá kó ẹrù ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Windows kò wo ilé ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà yín bọ́ sórí Windows tuntun, ohun tí ẹ óò ṣe nìyí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ ṣe ẹ̀dà ojúlé yín sí dísìkì mìíràn, kí ẹ má sì gbàgbé AppData tí ojú kò rí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, ẹ wọlé, kí ẹ sì wo inú Users. Bí ẹ bá rí i pé TEMP ni ẹ wà, ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá sì ti tẹ nǹkan kan kí ẹ tó mọ̀, ẹ kó o sínú fláàṣì kí ẹ tó jáde. Ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ bá sọ, bí ó ti wù kí ó kúrú tó. Bí Windows tuntun bá gun orí ti àtijọ́, ọjọ́ mẹ́wàá ni ó fi ń fún yín láàyè láti padà sẹ́yìn. Ẹ lo ọjọ́ mẹ́wàá náà láti ṣí gbogbo ohun tí ẹ ní wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ojúlé àtijọ́ rẹ́ títí tí ẹni tí ó ni ín yóò fi jókòó níbẹ̀, tí yóò ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹrù mi pé.”

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin gan-an ni mo fi àròkọ yìí bẹ̀. Ẹ ti gba ohùn àwọn apohùn sílẹ̀, ẹ sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà láti ọdún yìí wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn apohùn náà ti lọ, kò sí fóònù tí a lè fi pè wọ́n. Bí ọmọdé kan bá wá sí ọ́fíìsì yín láti pààrọ̀ Windows, tí ó sì ní, “Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ, sà, kò sí wàhálà,” ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí mi. Ẹ bi í pé inú ojúlé ta ni ẹ jókòó sí.

Àwọn àgbà wa ti jókòó rí, wọ́n ti wá èdè ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Àwa náà lè wá ti kọ̀ǹpútà. Ojúlé, yàrá àlejò, orúkọ àmútọ̀runwá: èyí tí mo rí nìyí. Bí ẹ bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ẹgbẹ́ wa. Ká ní Yorùbá ni ọ̀rọ̀ tí ó fò jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀ yẹn ni, Màmá ìbá ti kà á kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀.

Ẹni tí ó ṣíwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Mo ti jìn sí i. Ẹ̀yin ẹ máa ṣọ́ra. Ó dìgbà o.